Àwòrán Màmá Àwẹ̀ró

Ọdún márùn-ún gbáko ni Àǹtí Purity ti di Jeremy sínú. Jeremy ló ń tẹ dùùrù fún àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ijó rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láàrin ìdánrawò, ó gbé ọmọ kan lé èjìká, ó jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi ṣí tiẹ̀ lẹ́bàá Ojú Ẹlẹ́gbà. Ìdajì àwọn ọmọ tẹ̀lé e lọ.

Ní báyìí, onílé fẹ́ gba gbọ̀ngàn tí Àǹtí Purity háyà. Tí kò bá rí ibòmíràn kí ọdún tó parí, ọ̀dọ̀ Jeremy náà ni ìdajì tó kù máa gbà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀wé sí Àjọ Àwẹ̀ró, àjọ ìdílé kan ní Mushin tó ń kọ́ gbọ̀ngàn fún àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní orin àti ijó, tó sì ń mójú tó ìlera àwọn ọmọ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń mú lọ́dún. Jeremy náà kọ̀wé.

Alhaja Làbákẹ́ tó dá àjọ náà sílẹ̀ ló wá fúnra rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Àǹtí Purity fún un ní àga, Alhaja ní òun á dúró. Àǹtí Purity gbé ẹlẹ́rìndòdò tútù wá, Alhaja ní òun ń gbààwẹ̀.

“Alhaja, mi ò mojú yín ládùúgbò yìí o.”

“Mo pẹ́ ní Sáúdí. Ọdún mẹ́rin péré ni mo ti dé.”

“Màmá wa Àwẹ̀ró ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà?”

“Àwẹ̀ró ti lọ.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

Alhaja ń wo ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà. Ó ní, “Tí ọmọ bá ní ara òun ò yá láàrin ijó, kí lẹ máa ń ṣe?”

Àǹtí Purity rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọmọ yìí, Alhaja. Èyí tó bá ti fẹ́ sá fún iṣẹ́, inú á máa run ún. Tẹ́ ẹ bá ti gbójú mọ́ ọn, á dìde. Èmi ò gba gbẹ̀fẹ́ o!”

Alhaja kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó tún wá lọ́jọ́ Sátidé, ó tún ń gbààwẹ̀. Ó béèrè ohun tó lé Jeremy lọ.

“Ọ̀dàlẹ̀ ni, ma. Ẹni bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.”

“Àmín,” ni Alhaja wí.

Nígbà tí lẹ́tà dé, Àǹtí Purity fò sókè. Òun ni wọ́n mú! Gbọ̀ngàn tuntun, àti yàrá ìtọ́jú tó ní bẹ́ẹ̀dì méjì àti nọ́ọ̀sì kan. Ohun méjì ni àjọ náà ní kó ṣe. Àkọ́kọ́, àwòrán Àwẹ̀ró á wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ní ọ̀kánkán àga rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ yọ ọ́. Ìkejì, ní ọjọ́ kìíní gbogbo táàmù, òun fúnra rẹ̀ á fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ bí Àwẹ̀ró ṣe kú. Ọjọ́ tó bá kọ̀, Jeremy ló ni gbọ̀ngàn. Alhaja ní ìtàn náà á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìṣílé.

“Ìtàn ìyá arúgbó kan ṣoṣo,” ni Àǹtí Purity wí, ó sì buwọ́ lùwé.

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìpè sí Jeremy, ó sì fi í síwájú pátápátá, kó lè rí gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó ṣe orin kan fún àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ náà wọ́n kọ ọ́, “Màmá Àwẹ̀ró, ẹ sùn un re,” níwájú àwọn òbí tó kún inú ilé. Jeremy sorí kọ́, kò wo ẹnikẹ́ni. Inú Àǹtí Purity dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

Alhaja dìde. Ó ṣí omi inú ike kan, ó mu ún tán.

“Ààwẹ̀ mi parí lónìí,” ló wí. Ó fún Àǹtí Purity ní àpò ìwé kan, ó sì fi etí aṣọ tó bo àwòrán náà lé e lọ́wọ́. “Ẹ ṣí i fúnra yín.”

Kì í ṣe ìyá arúgbó ló wà lábẹ́ aṣọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó wọ aṣọ ijó ilé-ẹ̀kọ́ Àǹtí Purity ni, èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń mú wá láti Mushin nígbà tí Alhaja ìyá rẹ̀ wà ní Sáúdí, tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró nílé àmọ́ tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ pè ní Jameelah, tó sọ pé “Àǹtí, mi ò lè mí” lọ́sàn-án ọjọ́ tí Jeremy gbé e jáde, tí Àǹtí Purity sì ní kó dìde, kó tún un jó láti ìbẹ̀rẹ̀.