Bàbá Ìbídùn àti Ìròyìn Oògùn Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ní Ìkirè ni Alàgbà Akínlàjà ń gbé. Káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú ni, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Ìbídùn ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gba ìjánu.

Ìbídùn ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì lórí àìsàn tí ọ̀rá fi ń bo ẹ̀dọ̀. Nígbà tó wálé ọdún Àjíǹde, ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ara wa fúnra rẹ̀ máa ń pèsè ohun kan tí wọ́n ń pè ní mẹlatoníìnì, tó ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn. Ó ní àwọn ti fún àwọn eku tí ọ̀rá bo ẹ̀dọ̀ wọn ní nǹkan náà, ọ̀rá ọ̀hún sì dín kù.

“Inú wa dùn sí i, Bàbá,” ni Ìbídùn wí, “àmọ́ eku ni. Àwọn èèyàn tí wọ́n ti dán an wò lára wọn ò pọ̀. A ò tíì lè pè é ní oògùn àìsàn yìí.”

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni Akínlàjà gbọ́. Nígbà tí wọ́n jáde ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká agbádá sí èjìká. “Ọmọ mi ti rí oògùn ẹ̀dọ̀ o,” ló ń wí. “Mẹlatoníìnì ni. Wọ́n ń tà á káàkiri, àwọn èèyàn kàn rò pé oògùn oorun lásán ni.”

Látúndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà níbẹ̀. Ọ̀rá wà lẹ́dọ̀ Látúndé, ìtọ̀ ṣúgà sì tún ń bá a jà. Dókítà ti ní kó máa rìn láràárọ̀, kó dín oúnjẹ ọlọ́ràá kù, kó má sì fi oògùn ṣúgà rẹ̀ ṣeré. Gbogbo rẹ̀ ti sú u. Ó ra mẹlatoníìnì, ó pa ìrìn tì, ó ti oògùn ṣúgà rẹ̀ sápá kan, ó sì padà sídìí dòdò àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Kò pẹ́ tí ṣúgà ara rẹ̀ fi ròkè, ló bá dákú sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àwọn dókítà bi obìnrin náà léèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ń lò. Ó sọ fún wọn, ó sì sọ ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Akínlàjà, ó ránṣẹ́ pe Ìbídùn. Nígbà tí ọmọ náà fi máa dé, ojú Látúndé ti ń là díẹ̀díẹ̀. Akínlàjà fa Ìbídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọsibítù náà.

“Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú yàrá yẹn. Má jẹ́ kí ojú tì mí. Sọ pé ó lò ó ju bó ṣe yẹ lọ ni.”

Ìbídùn kúnlẹ̀. “Bàbá mi, bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì á tún ṣe ohun tí Bàbá Látúndé ṣe. Ẹ má bínú, mi ò lè sọ ọ́.”

Ó wọlé, ó kí gbogbo wọn, ó sì kọjú sí aláìsàn. “Bàbá, iṣẹ́ wa ń lọ dáadáa, ó sì ṣeé ṣe kó wúlò lọ́jọ́ kan. Àmọ́ lónìí, mi ò mọ̀ bóyá á wo ẹ̀dọ̀ yín sàn. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí dókítà ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ padà sí.”

Akínlàjà ṣí fìlà. “Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn,” ló wí. “Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ ọmọ mi kù. Látúndé, forí jì mí.”

“Mo ti forí jì ẹ́,” ni Látúndé fi ohùn wẹ́lẹ́ dáhùn. “Àmọ́ ọmọ tí kò lè fi iṣẹ́ ara rẹ̀ purọ́, àní nítorí bàbá rẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó o máa fi yangàn.”

Ara Látúndé yá. Òun àti Akínlàjà ló jọ ń rìn láràárọ̀ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè Ìbídùn, bàbá rẹ̀ á na àyà jáde, á ní, “Ó ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. Ohun tó bá mọ̀ ló ń sọ. Èyí tí kò bá mọ̀, á ní òun ò mọ̀.” Orí rẹ̀ á wá wú ju ti ọjọ́ tó dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, kò burú kí èèyàn fi ọmọ rẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn. Ibi tí òtítọ́ bá dé ni kí ẹ ti dá ìyangàn yín dúró, torí ẹni tó bá bu kún ìròyìn ayọ̀ lè fi ẹ̀mí ẹni tó gbà á gbọ́ wewu.