Zuhair Tí Kò Yẹ Ipò Awòye Wò

Zuhair Ghorbel mọ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ; kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn ní ìlú Sfax. Àléébù tó ní ni pé ó kórìíra kó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá béèrè ti fi àìmọ̀kan rẹ̀ han gbogbo ayé.

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń rọ́pò ọpọlọ ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n so ẹ̀rọ aṣọ́ná kan tí wọ́n ń pè ní awòye mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́rìndínlógún tó ń ṣọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Awòye yìí ní ipò kan tó jẹ́ pé ìgbà tí aago inú ẹ̀rọ, èyí tó fi ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀, bá lù nìkan ló ń wò. Ó tún ní òmíràn tó fi ń wò ní tirẹ̀ láìṣẹ́jú. Bí ẹnì kan bá ṣe lò ó ló ń fi í sílẹ̀, nítorí náà àṣà wọn ni pé kí ẹni tó fẹ́ lò ó kọ́kọ́ yẹ ipò rẹ̀ wò. Zuhair ní ti àwọn akọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ìkórè ólífì kù díẹ̀, ibi ìfúnróró abúlé rẹ̀ gbé àpótí tó ń darí ẹ̀rọ wọn wá. Ó kàn máa ń ṣàdédé kú ni. Zuhair so wáyà mọ́ ọn, ó wò ó fún ọjọ́ méjì, kò rí nǹkan kan. Naziha, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, wá dúró tì í pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Zuhair, ipò wo ni awòye yẹn wà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ o. Ṣé ábídí lẹ tún fẹ́ kọ́ mi?"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́, mi ò bú ọ. Èmi ni mo lò ó kẹ́yìn, mo sì fi í sí..."

"Ẹ mu tíì yín kó tó tutù. Ara àpótí yìí le koko."

Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ Zuhair fọwọ́ sí ìwé pé àpótí náà kò ní àrùn, ó sì dá a padà sí abúlé. Ìgbà tí aago bá lù nìkan ni awòye náà sì ń wò. Iná kékeré tó ń ṣẹ́ fìrí, tó ń pa àpótí náà, àárín ìgbà méjì tí aago ń lù ló ti ń yọ́ kọjá.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Lọ́jọ́ tí àpótí náà tún kú, ólífì Hajj Tayeb, baba Zuhair, ló kàn láti fún. Gbogbo ibi ìfúnróró yòókù ti kún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ólífì ti gbóná nínú àpò, ó ti bu. Bàbá wọ ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ó da ẹ̀kúnwọ́ ólífì tó bu kan sórí tábìlì.

"Wọ́n ní ìwọ lo fọwọ́ sí i."

"Bàbá, mo wò ó dáadáa."

"O wò ó. Ṣé o bi ẹnì kan?"

Wọ́n ti gbé àpótí náà padà wá, Zuhair sì tún so wáyà mọ́ ọn. Naziha yí ipò awòye padà sí èyí tó ń wò láìṣẹ́jú. Láàárín ìdajì wákàtí, iná kékeré náà ti hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Inú obìnrin náà kò dùn rárá sí ohun tó rí.

Ọ̀gá gba àṣẹ ìfọwọ́síwèé lọ́wọ́ Zuhair, ó gbé e fún Naziha. Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́dún náà, ìyá Zuhair ra òróró ólífì nínú ṣọ́ọ̀bù, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó fi ìborùn bo ìgò náà kí àwọn aládùúgbò má bàa rí i. Zuhair ló bá a gbé apẹ̀rẹ̀ tí ìgò náà wà nínú rẹ̀ wálé, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Pé a kò rí àléébù kò ní ká sọ pé kò sí; ó lè jẹ́ bí a ṣe ń wò ó ni kò tọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sọ̀yà, kó kọ́kọ́ yẹ ohun tó fi ń wo nǹkan wò, kó sì fetí sí ẹni tó lò ó ṣáájú rẹ̀. Ìtìjú tó wà nínú ìbéèrè kì í pẹ́ tán. Ti àìbéèrè ló ń bá ni dé ilé, tí àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì ń bá ni jìyà rẹ̀.