Ìlà Tó Gba Orí Orúkọ Adéòtí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ní ilé Asálú, ní Ìrágbìjí, Àrìnpé mọ̀wé, ó sì lawọ́, ṣùgbọ́n ìlara tó ń ṣe sí Dúnníọlá, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀.

Dúnníọlá ló ya àwòrán ẹbí sórí páálí funfun: òbí lókè, ọmọ nísàlẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kò sí ìlà tó dábùú èkejì. Gbogbo ilé ń yìn ín. Ọ̀rọ̀ náà ta Àrìnpé lára. Ta ló ní kí ọmọ ìyàwó kékeré máa to ẹbí fún ọmọ ìyálé? Kò tilẹ̀ kà á tó fi fà á ya, ó ní òun yóò ṣe èyí tó bójú mu.

Ó gbé ìyá rẹ̀ sáàárín gbùngbùn pẹ̀lú lẹ́tà ràgàjì, ó sì há àwọn ọmọ Dúnníọlá mọ́ kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Kò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà ń dábùú ara wọn bí òwú aláǹtakùn. Dúnníọlá rọra sọ fún un pé ẹni tó bá ń kà á yóò ṣìnà.

"Ṣé orúkọ àwọn ọmọ rẹ kò sí níbẹ̀ ni?" ni Àrìnpé fi dá a lóhùn. "Àbí orí ìtẹ́ lo fẹ́ kí n gbé wọn sí?"

Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé Adélójú fi wá tọrọ Tinúọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Àrìnpé bí. Àgbà wọn ní Adéòtí, ọmọ ilé àwọn, ti lọ́kọ sílé Asálú láyé àtijọ́. Àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá Tinúọlá kì í ṣe ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí a kì í fẹ́ ìbátan ẹni. Tayọ̀tayọ̀ ni Àrìnpé gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Àgbà náà fi ìka tọ ìlà Tinúọlá lọ sókè. Orí orúkọ Adéòtí gan-an ni ìlà náà gbà kọjá. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"Ọmọ wa ni," ló wí, ó sì dìde láti máa lọ.

Àrìnpé ń ṣàlàyé, kò yé ẹnikẹ́ni. Tinúọlá ti bú sẹ́kún. Ni Àrìnpé bá kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. "Dúnní, jọ̀wọ́, bá mi tún un yà."

Dúnníọlá bẹ àwọn àlejò kí wọ́n jókòó. Ó dojú páálí bolẹ̀, ó sì kọ orúkọ ìyá Àrìnpé sókè kó tó kọ ti ìyá tirẹ̀.

"Àwọn ni ìyálé, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán àkọ́kọ́. Ẹ ò kà á ni."

Nígbà tó yà á tán, àgbà náà tún fi ìka tọ ìlà Tinúọlá. Kò kan Adéòtí níbi kankan; ẹ̀ka mìíràn ni Adéòtí wà. Wọ́n gba ìyàwó wọn, ṣùgbọ́n Àrìnpé kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìlara kì í jẹ́ kí ènìyàn rí iyì tí wọ́n ti fún un. Ẹni tó bá há ọmọnìkejì mọ́ kọ̀rọ̀, ọ̀nà ara rẹ̀ ló ń dí. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.