Ẹ Máa Ṣọ́ Ara Yín

Àtọjọ́ tí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní wọ́ọ̀dù ti kú ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu Dákẹ́. Orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn o, àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í sunkún, kì í bínú. Á kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọsibítù, á ranjú, bí ẹni tó bumi sẹ́nu tí ò fẹ́ gbé e mì.

Òun àti Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ẹlẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀ ló máa ń ṣáájú ẹ̀ wọlé. Òun ló máa ń fa ọmọ yẹn nímú láràárọ̀ kó tó fún un lóògùn, òun náà ló sì dì í lọ́wọ́ mú títí ọwọ́ fi tutù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti ń pa àwọn aláìsàn lẹ́rìn-ín kiri wọ́ọ̀dù. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é.

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ni? Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín."

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì. Obìnrin náà ò lọ́rọ̀ púpọ̀. Ó tún gíláàsì ojú ẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ máa ṣọ́ ara yín." Ojú Dákẹ́ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín.

"O gbọ́? Ìwọ ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ o. Mo ti di mégáàdì. Ó ku kí wọ́n fún mi ní fèrè àti kóńdó."

Dákẹ́ kàn ń wò ó ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ẹlẹ́rìn-ín kó sísọ́ọ̀sì, abẹ àti gbogbo oògùn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Dákẹ́, ó kó wọn pọ̀ mọ́ tiẹ̀ sínú àpótí onírin ẹ̀, ó tì í pa. Ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kọ́rùn. Gbogbo ilé ló ń yìn ín.

"Ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ," ni Olófòófó wí. Yàrá kejì ni Olófòófó ń gbé, kò sí ohun tí kì í gbọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Dákẹ́ ń burú sí i. Ó wọ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ dí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ń sùn. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, kò ní fọwọ́ kàn án. Tí Ẹlẹ́rìn-ín bá ní kó jẹun, á ti àwo náà padà síwájú Ẹlẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lara ẹ ò yá, èmi lo wá fẹ́ bọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín á rẹ́rìn-ín, á gbé oúnjẹ náà jáde lọ fún àwọn ará yàrá kejì.

Tó bá lọ wẹ̀, Dákẹ́ á dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

"Ọ̀gá mi, kúkú wọlé! Àbí o fẹ́ bá mi fọ ẹ̀yìn ni?"

Olófòófó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ìgbà tó ṣe, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí o. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó ṣe ń wò ẹ́ yẹn, kò dáa."

"Fi í sílẹ̀. Gba bàtà yìí, ẹsẹ̀ ẹ ló yẹ."

Bàtà tuntun ni. Aago ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́, ó bọ́ ọ fún ìyá tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ gbà á, Ìyá. Èmi ò bá àsìkò sáré mọ́." Ìyá yẹn gbàdúrà fún un títí tí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Ẹlẹ́rìn-ín jí, kò rí kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ó gbọn aṣọ, ó yí bẹ́ẹ̀dì. Kò rẹ́rìn-ín. Dákẹ́ wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹ̀ṣẹ́ sábẹ́ àgbọ̀n.

"Dákẹ́, mú un wá."

Kò mira.

"Mo ní kó o mú kọ́kọ́rọ́ mi wá!"

Olófòófó gbọ́ igbe yẹn. Kò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì àgbà ló gbà lọ tààrà. Kó tó dọ̀sán, ìyá Dákẹ́ ti gbé mọ́tò dé.

Wọ́n ní kí Dákẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, ó di ẹ̀ṣẹ́ kejì mọ́ àyà.

"Ọmọ mi, àánú mi ò ṣe ẹ́ ni? Dìde, jẹ́ ká lọ sílé."

Ẹlẹ́rìn-ín ló bá wọn tú ìka ẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ti padà sí i lẹ́nu. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, ara èmi náà á fúyẹ́."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ náà wá lọ sinmi."

"Mo fẹ́ sinmi, Mọ́mì. Ó ti rẹ̀ mí."

Wọ́n fi Dákẹ́ sẹ́yìn mọ́tò. Lókè, lójú fèrèsé yàrá wọn, Ẹlẹ́rìn-ín ń juwọ́ sí wọn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nọ́ọ̀sì àgbà bẹ̀rẹ̀ síbi gíláàsì mọ́tò. "Má bẹ̀rù, wọ́n á tọ́jú ẹ."

Dákẹ́ tú ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ àpótí náà bọ obìnrin náà lọ́wọ́, ó nawọ́ sí fèrèsé òkè, ohùn ẹ̀ sì jáde bí ìgbà tí ilẹ̀kùn tó dógùn-ún bá ń ṣí: "Mà, ẹ ní ká máa ṣọ́ ara wa, mo sì ń ṣọ́ ọ látọjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá wá ń gbé mi lọ báyìí, ta ló kù tó máa ṣọ́ Ẹlẹ́rìn-ín?"