Ìka Bàbá

Ìlà kan péré ló kù láti yẹ̀ wò nínú kóòdù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà netiwọki ilé ìwòsàn.

Ìlà yẹn ló ní bí ẹ̀rọ ò bá dá ìka aláìsàn mọ̀, kí aláìsàn fi nọ́ńbà rẹ̀ wọlé.

"Pa á rẹ́," ni ọ̀gá wí. "Ibẹ̀ làwọn oníjìbìtì ń gbà."

Ọmọbìnrin tó ń kọ kóòdù náà dáwọ́ dúró. "Sà, ẹni tí ìka ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Ta ló ń fi ìka sílé jáde?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ọ́fíìsì. Òun náà bá wọn rín in, ó sì pa ìlà náà rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bá bàbá rẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú.

"Wọn ò bá mi fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn lónìí," ni Bàbá wí. "Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Wọ́n ti fún ẹlòmíì láyè mi. Ìwọ tó mọ kọ̀ǹpútà, ta ló ṣe irú èyí?"

Ó tẹ́ ọwọ́ síta. Sìmẹ́ńtì ogójì ọdún ti họ ìka rẹ̀ dán bí àwo. Sìmẹ́ńtì yẹn náà ló fi rán ọmọ níléèwé.



Ọmọ ti mọ̀ nípa ìka yìí kó tó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ojú ló tì í láti sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ọmọ bíríkìlà lòun.