Alelúyà Sùn Lọ́jọ́ Ìbò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìtàn yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

1.
Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń fọ aṣọ. Aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí, aṣọ ìrọ̀rí, aṣọ dókítà, òun ló ń kó wọn sẹ́rọ, òun ló ń sá wọn, òun ló ń ká wọn. Orin ìyìn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Alelúyà.

Òun àti Àlàájà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àlàájà dàgbà jù ú lọ, kì í sì í fi ìrun ṣeré. Òfin ibi iṣẹ́ nígbà náà gbà kí òṣìṣẹ́ méjì pààrọ̀ ọjọ́ nítorí ìjọsìn. Tó bá di Jímọ̀, Alelúyà á di iṣẹ́ Àlàájà mú. Tó bá di Ọjọ́ Àìkú, Àlàájà á ṣe ti Alelúyà. Kò síjà, kò sí ariwo.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alelúyà á wẹ ìyá rẹ̀, á wé gèlè fún un, á fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nípẹ̀kun àdúgbò. Ojú ìyá ti ṣú, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n tó bá ti gbọ́ ohùn dùùrù, á rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

2.
Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wá dé. Ọkùnrin kan fẹ́ ṣe alága, kò sì fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní ẹ̀sìn ti ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́, pé bí òun bá wọlé, òṣìṣẹ́ kankan ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí mọ́.

"Alelúyà, ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ?" Àlàájà bi í nídìí ẹ̀rọ. "Káàdì ìdìbò rẹ dà?"

"Ó wà nílé, mà. Ọlọ́run ló ń fi èèyàn sípò."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀ka fún ẹ."

Tó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Nípàdé àwọn obìnrin ìjọ, nígbà tí pásítọ̀ ní kí gbogbo wọn jáde lọ dìbò, Alelúyà dìde. "Ẹ̀yin ará, ayé yìí kọ́ nilé wa. Ìdọ̀tí ni òṣèlú. Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ ọn débi pé orí rẹ̀ wú. Ẹni tí wọn kì í bi léèrè ohunkóhun níbi iṣẹ́, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún! Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé wọ́n gbà á gbọ́.

3.
Ọjọ́ ìbò, ìjọba fún òṣìṣẹ́ láyè láti lọ dìbò. Ìyá rẹ̀ ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà.

"Ọmọ mi, mú mi lọ dìbò."

"Màmá, oòrùn ti mú. Ìlà á ti gùn."

"Wọ́n á fún arúgbó láyè jókòó."

"Ó rẹ̀ mí, Màmá. Ìdúró ni mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe. Ìbò ẹyọ kan, kí ló fẹ́ dà?"

"Méjì ni. Tèmi ńkọ́?"

Alelúyà na ara rẹ̀ sórí ibùsùn, oorun gbé e lọ. Kò purọ́ o, ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rẹni.

Ọkùnrin náà wọlé. Ìbò tó fi ju ẹni tó ṣe ìkejì lọ ò pọ̀ rárá; ìbò àwọn obìnrin ìjọ Alelúyà tó jókòó sílé nìkan ì bá dí i.

4.
Kò pẹ́ tí òfin tuntun fi dé. Kò sí pípààrọ̀ ọjọ́ mọ́. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ torí ìjọsìn, kó máa lọ sílé rẹ̀.

"Mà, ohun tí wọ́n ṣe yìí ò dáa," Alelúyà ń sunkún.

Àlàájà ń ká aṣọ lọ, kò gbójú sókè. "Èmi dìbò, ó sì ká èmi náà mọ́. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò dá mi lẹ́bi. Ìwọ ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ orin lẹ́nu Alelúyà mọ́.

5.
Ìyá rẹ̀ ò yé múra lọ́jọ́ Àìkú. "Ṣé ká máa lọ?" "Iṣẹ́ ni, Màmá." Àwọn aládùúgbò ní àwọn á máa mú un lọ. Wọ́n mú un lọ díẹ̀, wọ́n gbàgbé. Iṣẹ́ ayé pọ̀ lọ́rùn oníkálukú.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, arúgbó gbọ́ dùùrù lókèèrè, ó bá mú ọ̀pá rẹ̀, ó dá lọ. Kò débẹ̀. Ó ṣubú sí gọ́tà, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n gbé e lọ. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ Alelúyà nígbà tó sáré dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Màmá! Kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?"

"Mo dúró títí, ọmọ mi," ìyá fèsì wẹ́rẹ́. "Mo rí i pé o ò ní lè wá."

Kò bínú. Ìyẹn ló pa Alelúyà lára jù.

Ìyá ò lo ọ̀sẹ̀ náà parí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin ín. Ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ará ìjọ ń ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún òkú náà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń ká aṣọ ibùsùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, ẹ gbọ́ o. Ẹ gbàdúrà, àmọ́ tí ẹ bá ṣàmín tán, ẹ dìde lórí ìkúnlẹ̀ kí ẹ lọ tò sórí ìlà. Ẹ mú àwọn àgbà yín dání. Tí ẹ̀yin ò bá fẹ́ lọ, ẹ má fi ẹnu yín dá ẹlòmíì dúró. Ẹni tó bá sì ń dí aládùúgbò yín lọ́wọ́ ìrun lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ń bọ̀ lọ́la. Ẹkún kì í yí ìbò tí wọ́n ti kà tán padà.

Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sọ pé ó rẹ òun. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.