Ọ̀rá Ìyá Àgbà

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí Àdùnọlá bímọ, ó yọ́ sọ fún mi pé ìgbẹ́ ń gba ojú ara òun jáde. Mo tẹ́ aṣọ tó ń ríran sábẹ́ ìdí rẹ̀, àwòrán sì hàn lára ògiri: ihò kan, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí. Mo gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka rẹ̀, ẹ̀rọ fi hun ẹran ara tuntun, mo sì fi dí i. Kí ọmọ tó mu ọmú tán, ó ti jinná.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá àgbà Àdùnọlá jókòó sí, lórí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ní kí wọ́n wọlé, inú ti ń bí mi.

Wọ́n dìde wá fọwọ́ kan ògiri níbi tí àwòrán ihò náà wà tẹ́lẹ̀.

"Ó ti tán, nọ́ọ̀sì?"

"Ó ti tán, màmá."

"Láti ọjọ́ tí mo ti bí ìyá Àdùnọlá yìí ni tèmi ti wà lára mi. Ọdún mọ́kànlélógójì."

Ìgbà náà ni ohun tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá yẹn fún yé mi, ojú sì tì mí.

"Ó kàn yín, mà. Ẹ gun bẹ́ẹ̀dì."

Tiwọn gbà wá ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n jáde sáàárín àwọn obìnrin tó ń dúró dè mí, Àdùnọlá sáré tẹ́ ọ̀rá sórí àga bó ṣe máa ń ṣe.

"Ká a kúrò," ni ìyá àgbà wí. Wọ́n jókòó, wọ́n sì sún mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí èjìká fi kan èjìká.